Ìrìn ọjọ́ kan lórí òkè gbígbẹ: ìdáhùn fún olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè náà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta, mo jẹ́ ẹni ọdún 51. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Kalifọ́níà fẹ́ kí n wá bá òun rin ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Kẹrin lórí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Pacific Crest Trail. Ó ní máìlì ogún ni, láti Campo dé Lake Morena, pé orí òkè ni, pé ibẹ̀ gbẹ, pé kò sí omi lójú ọ̀nà. Èmi náà máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wa gun Olúmọ, oòrùn kì í sì í ṣe nǹkan tuntun fún mi. Ṣé mo lè ṣe é? Omi mélòó ni kí n gbé? Báwo ni kí n ṣe múra sílẹ̀ láti ilé níbí?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ nísinsìnyí tí ọyẹ́ ń wọlé bọ̀. Ọjọ́ orí yín kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ tó ń gun Olúmọ kì í ṣe ẹsẹ̀ ọ̀lẹ. Gbólóhùn kan péré nínú ọ̀rọ̀ yín ló kọ mí lóminú, òun náà ni ibi tí ẹ ti ní oòrùn kì í ṣe nǹkan tuntun fún yín.

Oòrùn tí ẹ mọ̀ ni oòrùn inú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin. Bí ẹ bá rìn láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Sápọ́n lọ́sàn-án oṣù Kẹta, kí ẹ tó débẹ̀, bùbá ti lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn, òógùn ń kán tó tó tó láti iwájú orí. Ìdí tó fi ń kán ni pé omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, kò ráyè gba ti ara yín mọ́ra. Òógùn tó kán sílẹ̀ kò tu ara; èyí tó gbẹ sí ara ló ń gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n oore kan wà tó ń ṣe yín: ó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé omi ń jáde. Ẹ rí i, ẹ nù ún, ẹ sì wá píọ̀ wọ́tà rà.

Lórí òkè tí ọmọ yín ń sọ, bí òógùn ṣe ń yọ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Aṣọ á gbẹ lára yín, atẹ́gùn á máa fẹ́, ara á tù yín, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ò tíì làágùn rárá. Bẹ́ẹ̀ ni lítà kan lè ti jáde lára yín láàárín wákàtí kan bí ẹ bá ń gun òkè nínú oòrùn. Àmì tí ẹ máa rí kò ju iyọ̀ funfun tó gbẹ sí etí fìlà àti ẹ̀gbẹ́ ojú lọ. Òùngbẹ gan-an máa ń pẹ́ kó tó dé, ó sì ń pẹ́ sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè. Nítorí náà, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìdáhùn yìí ni pé kí ẹ má fi òógùn tàbí òùngbẹ ṣe ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Aago ni kí ẹ fi mu omi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà náà ná, torí “máìlì ogún” nìkan kò sọ ohun tó wà níwájú yín. Pacific Crest Trail gùn tó 4,265 kìlómítà, láti ẹnubodè Mẹ́síkò títí dé ẹnubodè Kánádà. Òfin ọdún 1968 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi sọ ọ́ di ọ̀nà ìrìn ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an, nǹkan bí 32 kìlómítà, ni ọmọ yín fẹ́ kí ẹ jọ rìn. Òpó tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ wà nítòsí Campo, ó fi nǹkan bí 890 mítà ga ju ojú òkun lọ. Olúmọ tiwa jẹ́ 137 mítà. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ti wà níbi tó ga ju orí Olúmọ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Èyí kò ní kó èémí bá yín o. Àìsàn orí òkè kì í sábà bẹ̀rẹ̀ títí èèyàn á fi kọjá 2,500 mítà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Igi ibẹ̀ kúkúrú, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ ó sì le, ó ga dé ìbàdí tàbí èjìká, kò sì ní ibòòji tí èèyàn lè sá sí. Òkúta akọ ńláńlá wà káàkiri, èyí tí ojú ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ dáadáa. Ọ̀nà á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nísàlẹ̀, títí dé nǹkan bí kìlómítà 25, kó tó wá já wálẹ̀ sínú àfonífojì Hauser. Ẹ máa rí odò kan nínú àwòrán ilẹ̀ níbẹ̀, Hauser Creek. Ó máa ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ẹ má ka omi rẹ̀ mọ́ tiyín. Láti ìsàlẹ̀ àfonífojì yẹn ni ẹ ó tún gun òkè tó tó 300 mítà kí ẹ tó dé Lake Morena, nígbà tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀, tí omi ti ń lọ sópin, tí òkúta ti gba ooru láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni ooru ti máa ń dá ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí wó, débi tí wọ́n fi ń pe àwọn agbanilà. Òkè yẹn kò ga tó àwọn tó wà níwájú. Lórí ọ̀nà yìí kan náà, ibi tó ga jù, Forester Pass, lé ní 4,000 mítà. Àsìkò tí wọ́n ń dé ibẹ̀ ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àsìkò náà pọ̀. Ará Scotland kan, William Naismith, fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ọdún 1892 tí àwọn tó ń rin orí òkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tí a bá gùn. Ẹni tí ara rẹ̀ mọ́ra, tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, ni ìlànà yẹn bá mu. Fún ẹ̀yin tí ẹ máa gbé omi sẹ́yìn, kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣírò. Bí ẹ bá jẹun tán tí ẹ gbéra ní aago mẹ́jọ, ẹ ó wà lójú oòrùn láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́rin, ẹ ó wá máa sá fún òkùnkùn lórí òkè tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá gbéra ní aago márùn-ún àbọ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń là bọ̀, ẹ ó ti rin ìdajì ọ̀nà kí oòrùn tó gbóná, ẹ ó sì dé àfonífojì Hauser ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán.

Níbẹ̀ ni kí ẹ ti jókòó. Igi ńlá wà nínú àfonífojì náà, ibòòji rẹ̀ dára. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé òkúta, ẹ jẹun, ẹ sun oorun díẹ̀ bó bá wá. Ẹ má gun òkè yẹn títí di aago mẹ́rin. Ọmọ yín lè máa kánjú, torí pé ìrìn tó kù kò ju kìlómítà méje àbọ̀ lọ, tó dà bíi pé ẹ ti dé tán. Ẹ má gbà fún un. Oòrùn kì í wọ̀ lápá ibẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹrin títí di nǹkan bí aago méje àbọ̀. Wákàtí mẹ́ta tó yín láti gun òkè náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tó ti ń tutù. Kí kálukú mú tọ́ọ̀ṣì dání síbẹ̀síbẹ̀.

Ó wá kan omi. Fún wákàtí àárọ̀, ìdajì lítà ní wákàtí kan. Bí oòrùn bá ti mú, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà. Nígbà tí ẹ bá jókòó, díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe rò ó pọ̀, lítà mẹ́jọ ni kí ẹ gbé kúrò ní Campo, kí ọmọ yín náà gbé tirẹ̀. Ẹ fi píọ̀ wọ́tà wò ó: bí ọ̀rá kan bá jẹ́ ìdajì lítà, mẹ́rìndínlógún nìyẹn, ó ju ìdajì àpò tí wọ́n ń jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa lọ. Kìlógíráàmù mẹ́jọ ni, yóò sì wúwo lẹ́yìn yín ní wákàtí àkọ́kọ́. Àwọn kan máa ń da omi nù ní kìlómítà karùn-ún torí pé ó wúwo. Ẹ jọ̀ọ́, ohun mìíràn ni kí ẹ yọ kúrò nínú àpò. Lítà méjì gbọ́dọ̀ kù lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń dìde kúrò ní Hauser. Bí ó bá ku díẹ̀ sí ìyẹn nígbà tí ẹ débẹ̀, ẹ dúró pẹ́ sí i, kí ìrọ̀lẹ́ bá yín lórí òkè.

Ẹ má sì wá lọ mu omi lámujù. Omi lásán tó pọ̀ jù, láìsí oúnjẹ, máa ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dínkù ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè pa èèyàn. Orí fífọ́, èébì, ọkàn tó ń dàrú, gbogbo rẹ̀ jọ ti ẹni tí kò rí omi mu, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń fi omi kún omi fún un. Ẹni tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ funfun, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ wú, iyọ̀ ló nílò. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá lítà kan ní wákàtí kan, kí ẹ sì máa jẹ nǹkan oníyọ̀ ní gbogbo wákàtí. Ẹ̀pà yíyan, róbó, kókóró, ìpékeré, gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ń rà lẹ́nu géètì ilé-ìwé yín dára fún un. Kílíṣí àti ẹran gbígbẹ dára náà, ṣùgbọ́n ẹ má kó wọn sínú ẹrù, Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí wọ́n kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Nínú lítà mẹ́jọ yẹn, ẹ fi ọ̀kan po omi iyọ̀ àti ṣúgà tí gbogbo abiyamọ mọ̀: lítà kan omi, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má ṣe kún gègèrè. Èyí ni kí ẹ mu ní Hauser.

Ẹ ò sọ bóyá ẹ ń lo oògùn kankan. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀, ohun tí mo kọ nípa omi àti iyọ̀ kò lè tó fún yín. Ẹ rí dókítà yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Abà níbẹ̀; ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ fi wákàtí mọ́kànlá rìn nínú ooru gbígbẹ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti kíndìnrín wò.

Ìmúrasílẹ̀ láti ilé dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí Abẹ́òkúta ní ohun tí ẹ nílò, ó kàn jẹ́ pé àsìkò rẹ̀ kúrú. Ọyẹ́ ni. Láàárín oṣù Kejìlá sí Kejì, nígbà tí atẹ́gùn Sàhárà bá sọ̀kalẹ̀, tí ètè ń bó, tí aṣọ tí a sá ń gbẹ kíákíá, afẹ́fẹ́ wa máa ń sún mọ́ ti orí òkè yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ kọ́ omi mímu. Àwọn tí mo máa ń kó rìn nínú ọyẹ́, omi ni wọ́n máa ń gbé padà délé, orí á sì máa fọ́ wọn lálẹ́. Wọ́n á ní àwọn ò rí òógùn kankan, kí ni àwọn fẹ́ mumi ṣe. Bí oṣù Kẹta bá dé, tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ yẹn ti parí nìyẹn, ẹ ò ní rí ibi kọ́ ọ mọ́ títí ẹ ó fi wọ bàálù.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ nìyí. Ẹ wá òṣùwọ̀n ara. Ọ̀pọ̀ ilé kẹ́míìsì ní in. Ẹ tọ̀, ẹ wọn ara yín nínú aṣọ fífúyẹ́, ẹ rìn fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ mọ iye omi tí ẹ mu, kí ẹ tún wọn ara yín nínú aṣọ kan náà. Kìlógíráàmù kan tó bá dínkù jẹ́ lítà omi kan. Ẹ fi iye tí ẹ mu kún un, iye tí ara yín ń pàdánù ní wákàtí kan nìyẹn. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ ṣe é ní ọ̀sán ọyẹ́, ẹ tún ṣe é ní oṣù Kẹta nígbà tí ara bá ń rin gbindin, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ẹ máa rí i pé ọjọ́ tí aṣọ yín gbẹ lè dọ́gba pẹ̀lú ọjọ́ tí aṣọ rẹ, ojú yín nìkan ni kò rí i.

Fún ẹsẹ̀, ìrìn mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn ní Sátidé. Kí ti Sátidé bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà mẹ́jọ, kó máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó 25 ní ìparí oṣù Kẹta, pẹ̀lú omi lẹ́yìn yín, pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ. Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má sì gba ibi tí kò sí èèyàn. Ẹ lè gba Ìtòkú lọ sí Ìkijà, kí ẹ wá parí rẹ̀ ní Olúmọ. Níbẹ̀, àtẹ̀gùn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa gùn ún, kí ẹ máa sọ̀ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Sísọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́. Gígun òkè ń dán ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wò, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ ló ń fa iṣan itan ya, torí pé iṣan náà ń nà nígbà tó ń dá ara dúró. Ẹni tí kò bá fi sísọ̀ kọ́ ara rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á ti máa gbọ̀n nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀ Hauser, òkè sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pá méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, máa ń gba ẹrù kúrò lórí orúnkún púpọ̀.

Olúmọ nìkan kò ga tó, mo mọ̀. Kí ẹ wá ààyè lọ sí Àdó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọyẹ́, kí ẹ gun òkè lọ dé adágún Ìyákẹ́ pẹ̀lú ẹni tó mọ̀nà. Bí owó àti àyè bá wà, ẹ lọ sí Ìdànrè náà, níbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 600. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ dín ìrìn kù, kí ara sinmi.

Bàtà kánfáàsì tó le nísàlẹ̀ ti tó, kò pọn dandan kó jẹ́ bàtà ńlá tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ rà á kó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ yín lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú lọ́sàn-án. Ìbọ̀sẹ̀ òwú lásán máa ń gba omi, á sì mú kí ẹsẹ̀ lé ròrò. Ẹ wá ti irun àgùntàn, ọmọ yín á rí i rà níbẹ̀. Ibikíbi tó bá ti ń gbóná lẹ́sẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Aṣọ fífẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn, akẹ̀tẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò, dígí ojú, òrí fún ètè. Ara dúdú náà ń jóná nínú irú oòrùn yẹn. Kí ẹ sì mú ẹ̀wù òtútù, torí kété tí oòrùn bá wọ̀ ni ooru ń fi ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀, kò sí ìkùukùu tó máa dá a dúró.

Ejò kan wà níbẹ̀ tí ìdí ìrù rẹ̀ máa ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ bí èèyàn bá sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró, ẹ wo ibi tó wà, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ má fi ọwọ́ sáàárín òkúta tí ojú yín kò rí inú rẹ̀. Ìyẹn ti tó lórí ejò. Ooru ń ṣe àwọn arìnrìn-àjò ní jàǹbá jù ú lọ níbẹ̀.

Àwọn àmì ooru ni kí ẹ̀yin àti ọmọ yín mọ̀ sórí. Orí fífọ́, òòyì, inú rírú, iṣan tó ń há: ẹ dúró, ẹ wá ibòòji, ẹ tú aṣọ, ẹ mu omi oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì dìde títí ara á fi balẹ̀ pátápátá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ìyẹn ti kọjá ìsinmi. Ooru ara ti tó 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius nìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pe 911, ẹ da omi sí i lára, ọrùn, abíyá àti itan, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ má fi omi sí ẹnu ẹni tí kò lè gbé e mì. Fóònù kì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi gbogbo ní ọ̀nà yẹn. Kí ọmọ yín yá ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, kí ó sì fi àkókò tí ẹ máa dé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó máa pe àwọn agbanilà bí ẹ ò bá dé.

Aago ibẹ̀ fi wákàtí mẹ́jọ yàtọ̀ sí tiwa nígbà yẹn, nítorí náà ẹ fún ara yín ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ tó rìn. Bí ìkéde ojú ọjọ́ bá sọ pé ooru máa kọjá 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọjọ́ tí ẹ mú, ẹ yí ọjọ́ padà. Ibùdó wà ní Lake Morena tí èèyàn lè pàgọ́ sí, omi ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀. Kí ọmọ yín gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sùn síbẹ̀, tàbí kí ẹnì kan fi mọ́tò wá gbé yín.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi òṣùwọ̀n ṣe nínú ọyẹ́, ẹ fi iye tí ẹ kọ sínú ìwé ránṣẹ́ sí mi. Lítà mẹ́jọ tí mo sọ yìí, ẹni tí n kò tíì mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń làágùn ni mo ṣírò rẹ̀ fún. Tiyín lè jẹ́ méje, ó sì lè jẹ́ mẹ́sàn-án.